Bí A Ṣe Ń Wo Àwòrán Àwárí Sáyẹ́ǹsì ti Ọ̀rúndún Kejìdínlógún

Nínú àwòrán pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tí Joseph Wright, ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yà ní 1768, olùkọ́ kan ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgò tí ẹyẹ wà, àwọn èèyàn sì yí tábìlì ká. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, ẹyẹ ló máa kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yóò bọ́ sára ọmọbìnrin tó fọwọ́ bojú. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé lórí ńkọ́? Kò sí níbẹ̀. Kò sì lè sí níbẹ̀, nítorí a kì í fojú rí afẹ́fẹ́, ká má tilẹ̀ wá sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti tán. Ohun tó ń yọ àwọn ayàwòrán ìgbà náà lẹ́nu nìyẹn: àwárí fúnra rẹ̀ kò ṣeé yà. Ohun tí wọ́n wá ń yà ni ojú àwọn tó ń wò ó, ìmọ́lẹ̀ tó bà lé ojú náà, àti irinṣẹ́ tó wà lórí tábìlì. Ọ̀nà tí a ó tọ̀ nísàlẹ̀ yìí, ìmọ́lẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó bọ́ sí ojú àti ọwọ́, kí a tó dé ọ̀dọ̀ irinṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ti ìdí irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìdí tí àwòrán náà fi ń sú wọn kíákíá nìyẹn.

Ìgbà tí à ń sọ ni èyí tí àwọn òpìtàn ilẹ̀ Yúróòpù ń pè ní Ìgbà Ìlàjú. Tí a bá ní kí a mú un láti ọdún tí ìwé ńlá Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde, 1687, títí dé ìgbà tí Ìyípadà ilẹ̀ Faransé bẹ́ sílẹ̀ ní 1789, a kò jìnnà sí òótọ́.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: ẹ̀dà àwòrán tó mọ́ kedere, rúlà, pẹ́ńsùlù, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lè rí nǹkan lábẹ́ rẹ̀, àti ìdajì wákàtí. Ẹ lọ mú àwòrán náà láti orí ìkànnì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ni ín. National Gallery ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ni pọ́ǹpù afẹ́fẹ́, ìkànnì wọn sì ń jẹ́ kí a sún un mọ́jú dáadáa. Metropolitan Museum ní New York ló ni àwòrán Lavoisier, onímọ̀ kẹ́místrì ará Faransé, àti ìyàwó rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gbà á sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe lo èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí fóònù. Wọ́n sábà máa ń gé etí rẹ̀ kúrò. Tí wọ́n bá gé apá ọ̀tún pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ dànù, òṣùpá ojú fèrèsé bá a lọ, ọmọkùnrin tó di okùn àgò ẹyẹ náà mú bá a lọ, ẹ ó sì wá ka àwòrán náà bí ìwé tí ojú ewé ìparí rẹ̀ ti ya.

Kí ẹ tó wò ó: ọdún méjì, ìwọ̀n kan, orúkọ ẹni tó sanwó

Ẹ kọ ọdún tí wọ́n ya àwòrán sílẹ̀. Ẹ kọ ọdún tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Robert Hooke ló bá Robert Boyle, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bíi tirẹ̀, kan pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ní 1659, ìwé tí Boyle fi ròyìn ohun tó rí sì jáde ní 1660. Wright ya tirẹ̀ ní 1768. Ọdún 109 ló wà láàárín. Nítorí náà, àwòrán tí gbogbo ayé ń pè ní àwòrán àwárí yìí, àwòrán ìkọ́ni ni. Nígbà tí Wright fi máa ya á, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ti di ohun tí àwọn olùkọ́ alárìnkiri ń gbé láti ìlú dé ìlú, tí àwọn onílé ọlá ń sanwó wò lálẹ́ bí ẹni ń wo eré. Tí ẹ bá ti mọ èyí, ìbéèrè yín máa yí padà. Ẹ kò ní í béèrè ẹni tó ṣàwárí mọ́. Ẹ ó béèrè ohun tí ìmọ̀ yìí ń ṣe sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ.

Tí iye tó kù kò bá ju ọdún mẹ́wàá lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí wọ́n yà ti jókòó níwájú ayàwòrán, kí òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ irinṣẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n fi sí i. Tí ó bá ju ogójì ọdún lọ, ẹ fura: ìtàn tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ dáadáa lẹ̀ ń wò yẹn.

Ìwọ̀n ló kàn. Fọ́tò orí fóònù kì í jẹ́ kí a mọ̀ pé pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 183 ní gíga àti 244 ní fífẹ̀. Ẹ fi rúlà tàbí téèpù wọn ọ́n sára ògiri, kí ẹ sàmì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá dúró síwájú rẹ̀. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yín ga. Nígbà náà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ọnà ní Yúróòpù ti to àwòrán ní ipò-ipò: ìtàn Bíbélì, ìtàn àwọn akọni Gíríìsì àti Róòmù ló wà lókè, èso àti ìgò orí tábìlì ló wà nísàlẹ̀. Kánfáàsì ńlá, ti àwọn tó wà lókè ni. Wright gbé ìtóbi yẹn fún èèyàn mẹ́wàá tó yí tábìlì ká nínú ilé kan. Ọ̀rọ̀ ni ìyẹn, kódà kí a tó wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó sanwó wá ńkọ́? Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù tí a mọ̀ ni ti ayàwòrán Donato Creti ní Bologna, ní ilẹ̀ Ítálì, ní 1711. Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́lá kan, Luigi Ferdinando Marsili, ń wá owó ilé ìwòràwọ̀ fún ìlú náà. Ó ní kí Creti ya àwòrán kéékèèké mẹ́jọ: oòrùn, òṣùpá, Mákúrì, Fẹ́nọ́ọ̀sì, Máàsì, Júpítà, Sátọ̀nì, àti ìràwọ̀ onírù. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn dúró sí pápá lálẹ́, wọ́n ń fi awò awojìnnà wo ojú ọ̀run. Ó fi gbogbo rẹ̀ ta Póòpù Clement Kọkànlá lọ́rẹ, ìtìlẹ́yìn tó ń wá sì dé. Inú Vatican ni wọ́n ṣì wà. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ owó ni àwòrán wọ̀nyẹn, á máa rò pé ẹwà alẹ́ nìkan ni Creti ń yà. (Ẹ kà wọ́n: Yúrénọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀. William Herschel kò tíì rí i títí di 1781.)

Ẹ wá ibi tí iná wà

Ibí ni kí ẹ lo àkókò sí jù.

Ẹ kọ́kọ́ sọ àwòrán di dúdú-àti-funfun. Fóònù tó bá lè tún fọ́tò ṣe lè ṣe èyí. Ìdí ni pé àwọ̀ máa ń tanni jẹ: aṣọ pupa olùkọ́ inú pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ máa ń pe ojú, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ bá kúrò, ẹ ó rí i pé apá ibẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó bí ẹ ti rò.

Ẹ tẹ àwòrán náà sórí bébà, kí ẹ gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e. Lórí ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ fa ìlà síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pààlà pẹ̀lú òkùnkùn. Láti àárín ìlà yẹn, ẹ fa ìlà mìíràn tó dábùú rẹ̀ lọ sí apá tó mọ́lẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú márùn-ún ó kéré tán. Ibi tí àwọn ìlà náà ti ń súnmọ́ ara wọn ni iná wà. Tí wọ́n bá fi ìbú ìka kan tàbí méjì tàsé ara wọn, kò burú, ayàwòrán kì í ṣe oníṣirò.

Ẹ tún wo òjìji imú. Tí ó bá ń lọ sókè, ìsàlẹ̀ ni iná ti ń wá. Nínú pọ́ǹpù afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń ti orí tábìlì gòkè bá ojú, ìdí nìyẹn tí olùkọ́ náà fi ní ìrísí tó ń dẹ́rù bani díẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wá tọ àwọn ìlà náà dé ibi tí wọ́n ti pàdé, kí lẹ máa bá níbẹ̀? Ẹ kò ní í rí iná. Ife gíláàsì ńlá kan lẹ máa bá, omi rẹ̀ dàrú bí omi ìdọ̀tí, nǹkan kan sì rì sínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí gbà pé egungun agbárí ni. Ẹ̀yìn ife yẹn ni Wright fi àbẹ́là pa mọ́ sí. Ẹ sún un mọ́jú dáadáa: ìmọ́lẹ̀ náà gba inú omi kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àbẹ́là tó ń jó tán àti agbárí, ohun tí àwọn ayàwòrán Yúróòpù ti ń fi rán èèyàn létí ikú tipẹ́tipẹ́ ni. Wright kó méjèèjì sínú ohun èlò yàrá ìmọ̀, ó sì fi wọ́n ṣe orísun gbogbo ìmọ́lẹ̀ inú ilé.

Ẹ dán ọ̀nà kan náà wò lára àwòrán tó yà ṣáájú, èyí tí wọ́n pàtẹ ní 1766 tó wà ní Derby, ìlú tí wọ́n bí i sí. Ọ́rẹ́rì ló wà níbẹ̀: ẹ̀rọ tí a fi ń ṣàfihàn bí àwọn plánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yí oòrùn po. Fìtílà ni wọ́n gbé sí ipò oòrùn. Ẹ̀yin kò ní í rí fìtílà yẹn. Ẹ̀yìn ọmọdé kan tó dúró níwájú, tó dúdú bí òjìji, ló bò ó. Ẹ kọ orúkọ òṣùpá sí ara ojú kọ̀ọ̀kan: èyí kún, èyí jẹ́ ìdajì, èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Àwọn tó yí ẹ̀rọ ká ti di òṣùpá fúnra wọn. Kò sí ẹni tó máa rí èyí tí kò bá tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan.

Kí ló mú èyí ṣe pàtàkì? Láyé ṣáájú Wright, àwọn ayàwòrán bíi Gerrit van Honthorst, ará Netherlands, ti mọ bí a ti ń ya àwòrán òru tí ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ń tàn sójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Lọ́wọ́ Honthorst, Jésù ọmọ ọwọ́ nínú ibùjẹ ẹran lè jẹ́ orísun ìmọ́lẹ̀ náà, kí àwọn olùṣọ́ àgùntàn tẹ̀ síwájú kí ojú wọn sì mọ́. Wright mú ọgbọ́n yẹn lódindi, ó sì fi fìtílà tí èèyàn tàn rọ́pò ọmọ náà.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ nínú ìgbésẹ̀ yìí kò ju mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́, kí iná ju ẹyọ kan lọ. Òṣùpá wà lójú fèrèsé nínú pọ́ǹpù afẹ́fẹ́. Ẹ fa ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ ó rí i pé agbára rẹ̀ kò dé ìdí tábìlì. Ìkejì, fáníìṣì (ọ̀dà dídán tí wọ́n fi ń bo ojú àwòrán) àtijọ́ máa ń pọ́n, ó sì máa ń mú kí funfun dà bí ìyeyè. Tí ẹ̀dà yín bá ti pọ́n jù, ẹ wá òmíràn. Ìkẹta ni àwòrán tí wọ́n tẹ̀ jáde. William Pether tẹ ọ́rẹ́rì jáde ní 1768, Valentine Green tẹ pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ní 1769, irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ìgbà náà sì rí, kì í ṣe ojúlówó. Wọ́n máa ń fi irin eléyín ha gbogbo ojú páànù bàbà títí yóò fi máa tẹ dúdú kirikiri, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa họ ibi tí wọ́n bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń fa ìmọ́lẹ̀ yọ, nítorí náà ó bá iṣẹ́ Wright mu bí ọwọ́ ṣe ń bá ìbọ̀wọ́ mu. Ṣùgbọ́n àwòrán títẹ̀ lè yí ọ̀tún padà sí òsì. Kí ẹ tó gbára lé e, ẹ fi ojúlówó wé e.

Ojú ń wo ibo, ọwọ́ ń ṣe kí ni

Lórí bébà kan náà, ẹ fa ọfà láti ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ sí ohun tó ń wò. Ẹ lo pẹ́ńsùlù pupa fún ojú, búlúù fún ọwọ́.

Nínú pọ́ǹpù afẹ́fẹ́, àwọn tó ń wo ẹyẹ kò tó ìdajì. Ọmọbìnrin kékeré ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ bojú, ọkùnrin kan sì gbá a mọ́ra, ó ń tọ́ka sókè. Tọkọtaya ọ̀dọ́ lápá òsì ń wo ojú ara wọn, bí ẹni pé kò sí ẹyẹ kankan nínú ilé. Ọkùnrin kan tó jókòó nísàlẹ̀ wọn di aago mú, ó ń ka àkókò. Bàbá àgbàlagbà tó wà lápá ọ̀tún tẹjú mọ́ ife inú èyí tí agbárí wà. Olùkọ́ ní tirẹ̀ kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwa ló ń wò.

Ẹ wá wo ọwọ́ olùkọ́ náà. Ọ̀kan wà lókè orí ìgò, níbi ẹ̀kọ̀ tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà wọlé. Ṣé ó ti ń ṣí i ni, àbí ó ṣì dì í pa? Ọmọkùnrin ìdí fèrèsé di okùn àgò mú: ṣé ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹyẹ lè padà wọ̀ ọ́, àbí ó ń fà á sókè nítorí a kò nílò rẹ̀ mọ́? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ohun tí wọ́n ń kọ nípa àwòrán yìí ni kí èèyàn dáhùn ìbéèrè méjèèjì fún Wright. Àwọn kan á kọ ọ́ pé ẹyẹ ti kú. Apá rẹ̀ kan ṣì nà. Àwọn mìíràn á ní olùkọ́ ti dá a sí. Ọwọ́ kò tíì yí ẹ̀kọ̀. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ibi tí ojú yín ti rí i, kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ bi irinṣẹ́ léèrè bóyá ó lè ṣiṣẹ́

Ìsinsìnyí la tó wá dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹ ya á sọ́tọ̀ sórí bébà mìíràn, kí ẹ sì dárúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Pọ́ǹpù inú àwòrán Wright ní ìgò lókè, páìpù tó so ìgò mọ́ ìsàlẹ̀, kòlòbó gígùn méjì tí písítìnì wà nínú wọn, ọwọ́ tí a fi ń yí i, àti ẹ̀kọ̀ lórí ìgò. Bí a bá yí ọwọ́ náà, àgbá eléyín á gbé písítìnì kan sókè, á sì tẹ èkejì wálẹ̀. Francis Hauksbee ló mú irú alákòlòbó méjì bẹ́ẹ̀ gbajúmọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 18. Kòlòbó kan ṣoṣo máa ń yọ èèyàn lẹ́nu: bí afẹ́fẹ́ inú ìgò ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ìta ń ti písítìnì padà, apá á sì máa ro ẹni tó ń fà á. Tó bá jẹ́ méjì, èyí tí afẹ́fẹ́ ń tì á máa ran ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí àwòrán yìí fi hàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ gidi rí. Wright kò fi àbá yà á.

Lórí tábìlì, ẹ wá ìlàjì bọ́ọ̀lù irin méjì. Ti Otto von Guericke ará Magdeburg ni: tí a bá pa wọ́n pọ̀, tí a fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, ẹṣin lọ́tùn-ún, ẹṣin lósì, wọn kò lè fà wọ́n ya. Ìyẹn náà tọ̀nà.

Ẹyẹ ni kò tọ̀nà. Kokatúù (cockatoo) funfun ni, ẹyẹ tó jọ ayékòótọ́. Irú ẹyẹ yẹn ṣọ̀wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, owó rẹ̀ sì ga. Olùkọ́ alárìnkiri tó fẹ́ jẹun lọ́la kò ní í kì í bọ ìgò. Ẹyẹ kéékèèké tàbí eku ni wọ́n ń lò. James Ferguson, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ alárìnkiri tó lókìkí jù, tilẹ̀ kọ ọ́ pé ìwà ìkà inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tó bá ní àánú lójú, ó ní kí wọ́n fi àpò ìtọ̀ ẹran tí a fẹ́ bí ẹ̀dọ̀fóró rọ́pò rẹ̀. Wright mọ̀. Àwòrán ìdánrawò tó kọ́kọ́ ṣe, ẹyẹ lásán ló wà níbẹ̀. Kí ló dé tó fi pààrọ̀ rẹ̀? Funfun ló máa gba ìmọ́lẹ̀ dé òkè àwòrán níbi tí òkùnkùn pọ̀ sí, ìyẹn dá wa lójú. Àwọn kan fi kún un pé ẹyẹ funfun tó na ìyẹ́ lókè orí àwọn èèyàn jọ àdàbà Ẹ̀mí Mímọ́ inú àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣeé gbà, kò ṣeé fi dáni lójú.

Ìlànà tó wà ńbẹ̀ ni èyí: bí gbogbo irinṣẹ́ bá tọ̀nà tí ẹyọ kan kò tọ̀nà, ẹyọ yẹn ni ayàwòrán fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá tàsé, àìmọ̀ ni.

Àwòrán tó wà lábẹ́ àwòrán

Jacques-Louis David, ayàwòrán ará Faransé, ya Antoine Lavoisier àti ìyàwó rẹ̀, Marie-Anne Paulze, ní 1788. Wọ́n san 7,000 livres (owó ilẹ̀ Faransé nígbà náà) fún un, owó gọbọi. Kánfáàsì náà lé ní sẹ̀ǹtímítà 259 ní gíga. Ọkùnrin náà jókòó, kálámù lọ́wọ́, ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà dúró, ó gbọ́wọ́ lé èjìká ọkọ, àwa ló sì ń wò. Ẹ fa ọfà ojú wọn, ẹ ó rí ẹni tó ṣe gbòógì nínú àwòrán náà. Lórí àga lẹ́yìn rẹ̀ ni àpò bébà ìyàwòrán wà. Tirẹ̀ ni: David fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ yíyà, òun ló sì ya àwọn àwòrán irinṣẹ́ inú ìwé kẹ́místrì tí ọkọ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1789.

Ẹ sún mọ́ ilẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìgò rogodo ńlá kan wà níbẹ̀, ọrùn rẹ̀ ní ẹ̀kọ̀ bàbà. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni Lavoisier fi ń wọn ìwúwo gáàsì: a ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, a ó rọ gáàsì sí i, a ó tún un gbé. Gbogbo kẹ́místrì tuntun rẹ̀ dúró lórí òṣùwọ̀n, David sì gbé ìgò náà síbi tí ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ta á.

Ẹni tó bá dúró síbí á ní: tọkọtaya onímọ̀ nìyí. Àmọ́ ní 2021, àwọn òṣìṣẹ́ Metropolitan Museum gbé ìròyìn ohun tí wọ́n rí lábẹ́ ọ̀dà jáde. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí àti X-ray tó ń ya èròjà ọ̀dà sọ́tọ̀ wo kánfáàsì náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, obìnrin náà dé fìlà ràgàjì kan tó kún fún ìyẹ́, rìbọ́ọ̀nù àti òdòdó, bí àwọn ọlọ́rọ̀ Paris ti ń dé e nígbà náà. Tábìlì náà ní ẹ̀ṣọ́ idẹ. Irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì kò sí. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n bo fìlà, tí wọ́n fi aṣọ pupa bo tábìlì, tí wọ́n sì gbé ìgò àti bàrómítà (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́) wọlé. Ọlọ́rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yà, kí wọ́n tó sọ wọ́n di onímọ̀. Lavoisier wà nínú àwọn tó ń gba owó orí fún ọba, ìdí iṣẹ́ yẹn ni owó rẹ̀ ti wá, nítorí iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n sì fi bẹ́ ẹ lórí ní May 8, 1794.

Nítorí náà, ẹ máa ń wá ìròyìn ìwádìí abẹ́ ọ̀dà lórí ìkànnì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Níbi tí kò bá sí, ojú náà lè ṣe díẹ̀: ẹ wo etí orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tábìlì. Bí ìlà kan bá dúdú jù tàbí ó nípọn láìnídìí lẹ́bàá orí, ó lè jẹ́ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bò.

Nígbà tí ayàwòrán bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́

Benjamin West ya Benjamin Franklin, onímọ̀ àti olóṣèlú ará Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń fa iná mànàmáná láti ojú ọ̀run, ní nǹkan bí 1816. Ẹ ṣe ìṣirò ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: káìtì tí Franklin fi fa iná náà gòkè ní 1752, ọdún 64 ṣáájú. Franklin ti kú láti 1790. Ọmọ ọdún 46 ni ní 1752, West sì ya á bí arúgbó onírun funfun tí àwọn áńgẹ́lì ọmọdé yí ká. Ẹni tó ràn án lọ́wọ́ gan-an ni William ọmọ rẹ̀, géńdé ni nígbà náà.

Ẹ gbé ti Mason Chamberlin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó yà ní 1762 tí Franklin jókòó fún un. Kò sí áńgẹ́lì. Franklin wọ aṣọ ilé, ó di kálámù mú, ó kọ orí sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agogo kéékèèké rọ̀ sí, wọ́n so mọ́ irin tó wá láti òkè ilé. Bí ìkùukùu tó ní iná nínú bá kọjá, agogo á dún. Lójú fèrèsé, mànàmáná ń wó ilé kan lulẹ̀, ilé mìíràn tó ní irin lórí dúró digbí. Àwòrán méjèèjì wà ní Philadelphia Museum of Art. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí Franklin ṣe, ti Chamberlin ni kí ẹ wò. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ dà lẹ́yìn ikú rẹ̀, West ti ṣe é fún yín.

Wright náà purọ́ lọ́nà tirẹ̀. Nínú àwòrán rẹ̀ ti 1771, bàbá onírùngbọ̀n kan tó rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà kan tó ń tàn fúnra rẹ̀, kúnlẹ̀ lábẹ́ òrùlé tó rí bí ti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ọwọ́ nà, bí ẹni mímọ́ tó rí ìran. Hennig Brand ló rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ní Hamburg ní 1669, níbi tó ti ń se ìtọ̀ jíjẹrà, tó ń wá wúrà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tútù kò ju àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lọ. Wright jẹ́ kó tàn gbogbo ilé. Òórùn kò sí nínú ọ̀dà, a sì lè dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀

Ojú ewé kan tó fún àwòrán kan. Lókè, ọdún méjì, ìwọ̀n, ẹni tó sanwó. Lẹ́yìn náà: ibi tí iná wà àti ohun tó bò ó, iye àwọn tó ń wo irinṣẹ́ nínú gbogbo wọn, ohun tí ọwọ́ ń ṣe, irinṣẹ́ tó tọ̀nà àti èyí tí kò tọ̀nà. Ẹ fi ìlà pààlà sí àárín ohun tí ojú yín rí àti ohun tí ẹ rò nípa rẹ̀. Ẹni tí kò bá pààlà yẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní í mọ èyí tó rí mọ́.

Ọ́rẹ́rì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, iná rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́, kí ẹ tó bọ́ sórí Lavoisier. Tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn, ẹ gbé àwòrán Newton tí William Blake ṣe ní 1795, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Tate ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Newton wà níhòòhò lórí àpáta, ó tẹ̀ ba lé kọ́ńpáàsì (irinṣẹ́ tí a fi ń ya òbírí) àti bébà. Ẹ fa ìlà ìmọ́lẹ̀, kò ní í pàdé síbì kan. Ẹ ka àwọn tó ń wò ó, òdo ni. Ẹ fa ọfà ojú rẹ̀: ó wá sórí bébà, ó dúró síbẹ̀, àpáta tó kún fún àwọ̀ oríṣiríṣi lẹ́yìn rẹ̀ kò sì rí ìwò kan gbà.